Ahun méjì, ọgbà kan n'Ígbógbó: èwo nínú àwọn ewé yìí ni wọ́n lè jẹ?

Àǹtí Ìgbógbó
Sátidé, 7:04 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ahun o. Oṣù tó kọjá la kó dé ilé kan n'Ígbógbó, ẹni tó gbé ibẹ̀ kó tó kàn wá fẹ́ràn fúláwà ju oúnjẹ lọ, kò síbi tí kò gbin nǹkan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, mo mọ òmíràn, òmíràn rèé mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ahun méjì la ní. Àbúrò ọkọ mi ló gbé àkọ́kọ́ wá láti Kánò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbà yẹn kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, Baálẹ̀ là ń pè é. Èkejì, àwọn ọmọ ló rí i létí ọ̀nà lẹ́yìn òjò, òun ni Yánníbo. Nílé tá a ti kúrò, inú pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, ẹ̀fọ́ tí mo bá rà ní Sábó ni wọ́n ń jẹ. Mo ní kí n tú wọn sínú ọgbà níbí kí wọ́n rí oòrùn.

Àná ni mo rí Baálẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú nu ẹnu, ó ń nu ún, ó ń nu ún, bí ọmọ tó jẹ ata, itọ́ funfun sì ń hó létí ẹnu ẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò fẹnu kan nǹkan. Mo wá ibi tó ti gé ewé jẹ, mo rí i: ewé fẹ̀, ó ní àmì funfun wínníwínní láàárín bíi pé ẹnì kan wọ́n ọ̀dà sí i, igi ẹ̀ nípọn bí ìrèké. Ọkọ mi ní kókò ni, ó ní ahun kì í kú.

Àwọn tó kù nínú ọgbà: Hibiscus olódòdó pupa, igi kan tó ní òdòdó yẹ́lò bíi fèrè, yellow bush tí wọ́n gẹ̀ yí fẹ́ǹsì ká, àbámodá, nǹkan kan bíi kátọ́ọ̀sì tó ga jù mí lọ, koríko, àti yánrin pẹ̀lú pápásan tó hù fúnra wọn. Èwo ni kí n fi sílẹ̀, èwo ni kí n fà tu?


Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Sátidé, 7:19 àárọ̀

Àǹtí ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Òkúta ni ahun. Àwọn bàbá wa máa ń dá ihò sí etí igbá ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ìdí igi, ìyókù oúnjẹ ló ń jẹ, búrẹ́dì, ìrẹsì, ẹ̀bà pàápàá. Ẹ fún un ní epo pupa ṣíbí kan, á pa májèlé yẹn. Tèmi jẹ ewé kókò lẹ́yìnkùlé wa rí, kò kú.


Dókítà Ẹranko Àgbádárìgì
Sátidé, 7:38 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da epo sí i lẹ́nu o! Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ má bínú sí mi. Epo tá a bá fi tipá dà sẹ́nu ahun lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn á wá di àìsàn míì tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ewé yẹn, Dieffenbachia ni lójú tèmi, dumb cane làwọn onífúláwà ń pè é. Ọkọ yín ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣì í, ẹbí kan náà lòun àti kókò. Nǹkan kan wà nínú àwọn méjèèjì tó dà bí abẹ́rẹ́ tín-ín-tìn-ín tójú ò lè rí, calcium oxalate ni wọ́n ń pè é, téèyàn tàbí ẹranko bá ti gé ewé náà báyìí, ó di kó máa gún ahọ́n àti ọ̀fun. Ohun tó ń mú kí kókò tí ò jinná máa yún ọ̀fun náà nìyẹn, tá a fi ń sè é dáadáa. Ahun ò sì ní ìkòkò, àfi tinú àlọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe báyìí: ẹ bu omi tó mọ́, ẹ rọra fi ṣàn án lẹ́nu, ẹ gbé orí ẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí omi máa ṣàn jáde, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ sínú. Bí kò bá lanu, ẹ má fi irin tàbí ṣíbí là á, aṣọ tútù tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi nu etí ẹnu ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ga ju àgbọ̀n ẹ̀ lọ, fún bí ogún ìṣẹ́jú, á mu díẹ̀ fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tó na ọrùn, tó ń lanu mí, ẹ má dúró ka ohun tá a bá tún kọ síbí, ẹ gbé e lọ. Kódà bó bá dà bíi pé ara ẹ̀ ti ń balẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko wo ẹnu yẹn lónìí. Ẹ fọ ọwọ́ yín náà, omi ewé yẹn ń jó ara.


Olóko Ìjẹ̀dẹ̀
Sátidé, 8:02 àárọ̀

Dókítà ti sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó ṣáájú ti ewé: irú ahun wo lẹ ní? Gbogbo wa máa ń pe gbogbo ẹ̀ ní ahun bíi pé ọ̀kan ni.

Ẹ gbé ti Kánò yẹn sókè, ẹ wo itan ẹ̀ lẹ́yìn, lápá ọ̀tún àti òsì ìrù. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan méjì mẹ́ta tó yọ ṣóńṣó bí ẹ̀gún ńlá, Sulcata ni, ahun etí aṣálẹ̀ òkè Haúsá lọ́hùn-ún. Ẹ wá wo Yánníbo. Ẹ fi ìka kan án lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́jẹ́. Bí apá ẹ̀yìn igbá ẹ̀ bá wálẹ̀ bí ìdérí ìkòkò kó fi pa ẹsẹ̀ mọ́, ahun igbó tiwa nìyẹn, Kinixys lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé.

Oúnjẹ wọn ò papọ̀ rárá. Màlúù ni Sulcata, koríko ló ń jẹ. Tá a bá pín oúnjẹ ẹ̀ sí mẹ́wàá, mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ kó jẹ́ koríko, tútù tàbí gbígbẹ, ìyókù kó jẹ́ ewé àti òdòdó. Kò fẹ́ èso, kò fẹ́ ẹran. Ti igbó wa yìí ní tiẹ̀, ó ń jẹ ewé, ó ń jẹ olú, ó ń jẹ ìbẹ́pẹ tó bọ́ sílẹ̀, ó ń jẹ ìgbín kéékèèké àti ekòló, ibi tó rin tó sì ní òjìji ló fẹ́. Oòrùn tẹ́ ẹ torí ẹ̀ tú àwọn méjèèjì síta, Baálẹ̀ á yọ̀ sí i, Yánníbo á máa wá ibi sá sí.

Ẹ tún mọ̀ pé Baálẹ̀ ò ní wà bẹ́ẹ̀ o. Lẹ́yìn ahun ńlá ti Galápagos àti ti Aldabra, òun ló tóbi tẹ̀ lé e láyé. Akọ ẹ̀ lè wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ.


Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Sátidé, 8:10 àárọ̀

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, Alágbà, ahun ààfin Ṣọ̀ún l'Ógbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ọdún 344 ló lò, ṣé koríko nìkan ló ń jẹ ni?


Olóko Ìjẹ̀dẹ̀
Sátidé, 8:16 àárọ̀

Àwọn ará ààfin ló pe iye ọdún yẹn nígbà tí Alágbà kú lóṣù October 2019, àwọn tó mọ̀ nípa ahun ò sì gbà bẹ́ẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, Alágbà ní ìránṣẹ́ méjì tó ń tọ́jú ẹ̀. Ìwọ so tìẹ mọ́ ìdí igi.


Ìyá Eléwé Sábó
Sátidé, 9:45 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò o. Ewé ni mò ń tà, ìyá mi tà á kí n tó tà á. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ síbí.

Ẹ̀yin òyìnbó ti dẹ́rù ba ọmọ yẹn. Àbámodá tó wà nílé ẹ̀, kó fi sílẹ̀, bó bá tún rí ọ̀dúndún kó gbìn ín kún un. Ọ̀dúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin, ewé ẹ̀rọ̀ ni wọ́n, òun la fi ń tu nǹkan lára, báwo ló ṣe máa pa ahun tóun fúnra ẹ̀ jẹ́ ohun ẹ̀rọ̀? Yánrin náà dáa. Ohun tí kó fà tu ni lápálàpá àti làrà bó bá wà níbẹ̀, àti ewé ẹ̀gẹ́, ìyẹn ń pa ewúrẹ́.


Dókítà Ẹranko Àgbádárìgì
Sátidé, 10:20 àárọ̀

Màmá, ẹ kú ọjà o. Òótọ́ lẹ sọ nípa lápálàpá, làrà àti ẹ̀gẹ́, mi ò ní nǹkan kan fi kún un. Rinrin ò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dúndún àti àbámodá, ẹ foríjì mí, mi ò lè gbà fún yín. Ẹbí kan ni àwọn méjèèjì, nǹkan kan wà nínú wọn tó ń da lílù ọkàn rú. Lọ́dọ̀ àwọn ará Australia, àbámodá ti di igbó níbẹ̀, ó sì ń pa màlúù wọn, pàápàá nígbà tó bá yọ òdòdó. Ẹ̀yin mọ ìwọ̀n tí ẹ máa ń fún èèyàn àti bẹ́ ẹ ṣe ń fún omi ẹ̀. Ahun ò mọ ìwọ̀n, ó lè dúró ti ìdí kan láti àárọ̀ dalẹ́, kó jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú òdòdó ẹ̀.


Ìyá Eléwé Sábó
Sátidé, 10:31 àárọ̀

Mo gbọ́ ti ìwọ̀n yẹn. Ìwọ̀n lọ̀rọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kó má fà á sọnù, kó hú u sínú ìkòkò, kó gbé e sórí fẹ́ǹsì. Ó máa nílò ẹ̀ tí etí bá ń dun ọmọ.


Oníkátọ́ọ̀sì
Sátidé, 12:15 ọ̀sán

Kẹ́ ẹ má bàa lọ sí yunifásítì torí ahun, ọ̀nà kúkúrú kan wà. Ẹ já ewé kan. Bó bá ṣe wàrà funfun, májèlé ni, ẹ sọ ọ́ nù. Bó bá jẹ́ omi lásán ló ń jáde, ó dáa. Èmi ò lo òmíràn rí.


Ìyá Eléwé Sábó
Sátidé, 12:22 ọ̀sán

Yánrin ńkọ́? Yánrin ní wàrà. Ìbẹ́pẹ ní wàrà. Dumb cane tẹ́ ẹ sọ pó jó ahun yẹn lẹ́nu ńkọ́, ṣé wàrà ló mú un jó o?


Oníkátọ́ọ̀sì
Sátidé, 12:40 ọ̀sán

Haaa. Màmá ti mú mi. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Lórí kátọ́ọ̀sì nìkan ni ọ̀rọ̀ wàrà yẹn ti bá mi mu. Èyí tó ga ju Àǹtí lọ yẹn, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ kátọ́ọ̀sì rárá, kó jẹ́ orò. Ẹ fi ọ̀bẹ kàn án díẹ̀, ẹ yẹ ojú kúrò nítòsí ẹ̀ o, torí wàrà orò lè fọ́ èèyàn lójú. Bí funfun bá tú jáde, orò ni, kí ahun má dé ìdí ẹ̀. Kátọ́ọ̀sì gangan, omi bí ilá ló máa ń jáde nínú ẹ̀. Èyí tó pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́, Opuntia, Sulcata fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ kàn fi iná jó ẹ̀gún ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó gé e fún un.


Onífúláwà Ebúté
Sátidé, 2:05 ọ̀sán

Iṣẹ́ mi ni fúláwà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Yellow bush, Duranta ni. Èso ẹ̀ yẹ́lò ródóródó bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ní májèlé. Bẹ́ ẹ bá ń gẹ̀ ẹ́ déédéé kò ní so, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá gẹ̀, ẹ gbá a kúrò nílẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó wà níbi tí ahun wà.

Olódòdó yẹ́lò bíi fèrè, méjì ló lè jẹ́. Bí ewé ẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀bẹ, tí wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń so èso kan tó ní igun, olómi òjò ni. Bí ewé ẹ̀ bá ń dán, tí mẹ́ta mẹ́rin yọ lójú kan náà yí igi ká, tó sì ń gun fẹ́ǹsì, Allamanda ni. Ẹ má wulẹ̀ dààmú pé èwo ni nínú méjèèjì, kò sí èyí tó dáa fún ahun, olómi òjò ló sì burú jù, ọkàn ló ń bá jà.

Hibiscus, ẹ fi sílẹ̀. Ẹbí ìṣápá tá a fi ń ṣe sóbò ni, ewé ẹ̀ àti òdòdó ẹ̀ ni ahun lè jẹ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan tí àwa onífúláwà kì í sọ fún oníbàárà. Kí fúláwà tó kúrò lọ́dọ̀ wa, a ti fún un ní oògùn kòkòrò léraléra, òmíràn inú gbòǹgbò la dà á sí, ó sì ti wọ inú ewé lọ, fífọ̀ ò lè mú un kúrò. Bẹ́ ẹ bá ra Hibiscus tuntun, ẹ jẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ yín ná, oṣù mélòó kan, kó pa ewé tó bá wá dà, kó hu tuntun, kẹ́ ẹ tó fún ẹranko. Èyí tẹ́ ẹ bá nílé yín, ẹ bi lándílọ́ọ̀dù bóyá ẹnì kan ń fín oògùn sí i.

Koríko etí ọ̀nà náà, ẹ má já a. Àwọn tó ń ṣán ojú títì ti fi àdá sílẹ̀, oògùn ni wọ́n ń fín báyìí, koríko á ṣì tutù lójú fún ọjọ́ mélòó kan kó tó pọ́n.


Bàbá Ahun Mẹ́fà
Sátidé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo yín ń bẹ̀rù jù. Ahun igbó mẹ́fà ni mo ní n'Ímọ́tà, gbúre, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, pápásan, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ láti ọdún kẹfà, ara wọn le koko. Mo kà á níbì kan pé wọ́n ní kéèyàn má fún wọn ní gbúre. Kí ni kí wọ́n wá jẹ, súyà?


Dókítà Ẹranko Àgbádárìgì
Sátidé, 8:30 alẹ́

Bàbá, mi ò ní kẹ́ ẹ má fún wọn rárá. Gbúre, pápásan, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ní oxalic acid, òun ló ń di calcium inú oúnjẹ, èyí tó ń mú egungun àti igbá ẹ̀yìn le, mú tí kì í jẹ́ kí ara rí i lò. Tiyín, inú ẹrọ̀fọ̀ Ìmọ́tà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń jẹ ìgbín pẹ̀lú èèpo ẹ̀, calcium ti wà níbẹ̀. Ahun tó jẹ́ pé gbúre nìkan ló ń jẹ nínú pálọ̀ láì rí oòrùn, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Bọ́wọ́ bá tẹ gbúre, kó jẹ́ díẹ̀ láàárín nǹkan mìíràn, kó má jẹ́ lójoojúmọ́. Ewé ọ̀dùnkún, ewé ẹlẹ́gẹ̀dẹ́, yánrin, wọ́n sàn jù ú lọ. Ẹ lọ èèpo ẹyin tó ti gbẹ kúná, kẹ́ ẹ wọ́n ọn lé e díẹ̀díẹ̀.

Ewé tòmátò, ewé ata àti ewé píà, ẹ má dán an wò.


Àǹtí Ìgbógbó
Sátidé, 9:15 alẹ́

Ọlọ́run á bù kún yín. A ti lọ. Dókítà ibẹ̀ tan iná sí i lẹ́nu, ahọ́n ẹ̀ wú, ó pọ́n rẹ́rẹ́. Wọ́n ṣan ẹnu náà, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, wọ́n ní ká gbé e padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè bí kò bá jẹun.

Mo wo itan ẹ̀. Ẹ̀gún méjì méjì ló wà níbẹ̀, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbé e mi ò kíyè sí i! Yánníbo sì ti ìdérí ẹ̀ mọ́ mi lójú, ó kù díẹ̀ kó há mi níka. Ọkọ mi ti hú dumb cane, ó wọ ọ̀rá sọ́wọ́, ọwọ́ ṣì yún un.

Nǹkan kan tí mi ò sọ tẹ́lẹ̀: igbá ẹ̀yìn Baálẹ̀ ti ń yọ gegele, gegele, bí òkè kéékèèké. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ṣé oúnjẹ ló fà á?


Olóko Ìjẹ̀dẹ̀
Sátidé, 9:40 alẹ́

Oúnjẹ là ń dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀, pé ẹran tàbí ẹ̀wà ló pọ̀ jù. Ní 2003, àwọn kan ní Vienna tọ́ àwọn ọmọ Sulcata, wọ́n yí oúnjẹ wọn àti ọ̀rinrin ibi tí wọ́n ń gbé padà, gbígbẹ afẹ́fẹ́ ló fa gegele yẹn ju oúnjẹ lọ. Fáànù àti éésì pálọ̀ yín ni mo fura sí. Èyí tó ti yọ ò ní wálẹ̀ mọ́, àmọ́ ibi tó bá hù láti ìsinsìnyí lọ lè tẹ́. Ẹ máa gbé e sómi, ẹ jẹ́ kó ní igun kan nínú ọgbà tẹ́ ẹ máa ń wọ́n omi sí.

Ẹ fi nǹkan ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Àìsàn tí ọ̀kan gbé láti Kánò, ara èkejì lè má mọ̀ ọ́n.


Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Sátidé, 10:05 alẹ́

Ẹ dá Yánníbo padà sígbó nígbà yẹn. Igbó ló ti wá.


Dókítà Ẹranko Àgbádárìgì
Àìkú, 6:50 àárọ̀

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì tí wọ́n rí i ni, mi ò bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dára. Ní báyìí tó ti bá ahun Kánò gbé pálọ̀ kan náà, àìsàn ló lè kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ nígbó. Ẹ má tún kó òmíràn wálé ni mo máa sọ, ẹ bá àwọn ọmọ sọ ọ́ náà.


Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Àìkú, 7:30 àárọ̀

Mo ti tú tèmi o, kí Olóko má tún bú mi. Mo ti yọ okùn.

Kí n tiẹ̀ bi yín nǹkan kan. Lánàá mo fi fóònù ya ewé kan lẹ́yìnkùlé wa, fóònù ní Hibiscus ni, ìyá mi ní ilá ni, ìyá mi ló sì jàre. Orúkọ Yorùbá náà ò ràn mí lọ́wọ́. Koríko kan náà ni wọ́n ń pè ní Akíntọ́lá níbì kan, tí wọ́n ń pè ní Awólọ́wọ̀ níbòmíràn. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ ọ́n?


Onífúláwà Ebúté
Àìkú, 8:00 àárọ̀

Akíntọ́lá tàbí Awólọ́wọ̀, kí ahun má jẹ ẹ́, Chromolaena ni orúkọ ẹ̀ tí ò yí padà. Fóònù kì í ṣàṣìṣe púpọ̀ bó bá rí òdòdó, ewé nìkan ló ń rú u lójú. Ilá àti Hibiscus kúkú jẹ́ ẹbí, kò parọ́ tán. Bẹ́ ẹ bá ti rí orúkọ tinú ìwé, ẹ lọ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní The Tortoise Table, ti àwọn ará UK ni, ọ̀pọ̀ ewé ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdí tó fi dáa tàbí tí kò fi dáa. Ewé ilẹ̀ wa kan ò sí níbẹ̀ ṣá.


Ìyá Eléwé Sábó
Àìkú, 8:12 àárọ̀

Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbé e wá bá mi ní Sábó. Ẹ gbé e pẹ̀lú gbòǹgbò ẹ̀, ẹ má já ewé kan ṣoṣo wá bi mí.


Àǹtí Ìgbógbó
Túsìdeè, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Baálẹ̀ ti jẹun o!! Òdòdó Hibiscus tó jábọ́ ni mo gbé síwájú ẹ̀, ó kọ́kọ́ wò ó, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wá gé etí ẹ̀ díẹ̀, ló bá dúró, àfi bíi pé ó ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló jẹ ẹ́ tán, gbogbo àgbọ̀n ẹ̀ pọ́n. Ó ti ń jẹ koríko náà láti ọ̀sán.

Olómi òjò ló wà nílé mi, ewé bí ọ̀bẹ. A ti gé e. Kátọ́ọ̀sì yẹn ṣe wàrà, a fi búlọ́ọ̀kù yí i ká títí ẹni tó máa hú u á fi dé. Àbámodá ti wà nínú ìkòkò lórí fẹ́ǹsì.

Ó ku ọ̀kan. Ó ń fà lórí ilẹ̀ lẹ́yìn táǹkì omi, ewé ẹ̀ kéékèèké, òdòdó ẹ̀ àwọ̀ àlùbọ́sà. Yánníbo ti sùn sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́tò ẹ̀ rèé.


Onífúláwà Ebúté
Túsìdeè, 7:02 alẹ́

Ilẹ̀ ti ṣú nínú fọ́tò yẹn, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ tún un yà lọ́la tí oòrùn bá yọ, ẹ ya ẹ̀yìn ewé náà, ẹ ya ibi tí ewé ti so mọ́ igi. Kí Yánníbo sùn sápá ibòmíràn lálẹ́ yìí.